Ta ló sọ akọ́nimọ̀ọ́gbá di ọ̀jọ̀gbọ́n?

Ìbéèrè tó wọlé sọ́dọ̀ mi láti ọwọ́ màmá kan ní Abẹ́òkúta rèé:

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Ọmọbìnrin mi ń sá eré onídènà. Ó ti parí WAEC, ó sì yege. Lẹ́tà kan dé sórí fóònù rẹ̀ láti yunifásítì kan ní Amẹ́ríkà pé àwọn fẹ́ fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ohun tó ń kọ mí lóminú ni pé kì í ṣe ọ̀gá àgbà yunifásítì ló fọwọ́ sí i, kì í sì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n kankan. Kóòṣì ló kọ ọ́, ẹnì kejì tó fọwọ́ sí i sì ni ẹni tí wọ́n pè ní ọ̀gá eré ìdárayá. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, kóòṣì ni ẹni tó ń fọn fèrè lórí pápá. Báwo ni ẹni tó ń fọn fèrè ṣe ń fi ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tọrẹ? Bàbá rẹ̀ ní oníjìbìtì ni wọ́n. Irú ènìyàn wo ni wọ́n, ta ló sì gbé agbára bẹ́ẹ̀ lé wọn lọ́wọ́?"

Ẹ kú oríire ọmọ, màmá. Ẹ bá mi sọ fún bàbá wọn pé ìfura wọn kò burú, nítorí ayédèrú lẹ́tà pọ̀ nígboro. Ṣùgbọ́n oyè méjèèjì tó wà nísàlẹ̀ lẹ́tà yẹn kì í ṣe ayédèrú. Ní yunifásítì Amẹ́ríkà, kóòṣì ló ń fúnra rẹ̀ wá ọmọ tó fẹ́ káàkiri ayé, òun ló ń pín owó ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tó wà fún ẹgbẹ́ rẹ̀, ọ̀gá eré ìdárayá ló sì ń jókòó lé gbogbo àpò náà. Abẹ́ irú àwọn kóòṣì bẹ́ẹ̀ ni Falilat Ògúnkọ̀yà ti gbó sí i ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Mississippi, abẹ́ wọn ni Hakeem Olajuwon tó ti Èkó lọ ti di òmìrán ní Houston. Tóbi Amusan ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde náà gba Yunifásítì Texas ní El Paso kọjá, kó tó di pé ó sá eré onídènà ọgọ́rùn-ún mítà ní ìṣẹ́jú àáyá 12.12 ní Eugene lọ́dún 2022, tí kò sí obìnrin kankan tó tíì sá a tó bẹ́ẹ̀ rí.

Ìbéèrè yín kejì, ìyẹn ta ló gbé agbára lé wọn lọ́wọ́, ni mo fẹ́ fara balẹ̀ dáhùn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé tẹlifíṣọ̀n àti owó ìpolówó ọjà ló sọ kóòṣì di alágbára lọ́hùn-ún. Rárá o. Agbára yẹn ti wà kí rédíò pàápàá tó dé. Lẹ́tà ló fi bẹ̀rẹ̀, bíi tiyín, àmọ́ ọ̀gá yunifásítì ló kọ tìyẹn sí akọ́nimọ̀ọ́gbá, lọ́dún 1890.

Amos Alonzo Stagg ni ẹni tí wọ́n kọ ọ́ sí. Ọjọ́ 16 oṣù Kẹjọ ọdún 1862 ni wọ́n bí i ní West Orange, ní ìpínlẹ̀ New Jersey. Ilé wọn kò rí jájẹ: bàbá rẹ̀ ń ṣe bàtà, ó sì ń ṣe lébìrà mọ́ ọn. Ó ti di géńdé kó tó wọ Yunifásítì Yale lọ́dún 1884, inú yàrá òkè àjà tí kò ní iná ìyáná ló ń gbé níbẹ̀, ó sì ń ṣọ́ oúnjẹ jẹ. Iṣẹ́ àlùfáà ló wù ú. Ó tilẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà ní Yale, ṣùgbọ́n bó bá dìde láti wàásù, ọ̀rọ̀ á há sí i lẹ́nu. Òun fúnra rẹ̀ ló wá rí i pé orí àga ìwàásù kọ́ ni Olúwa rán òun sí.

Orí pápá, kò sí ohun tó há. Òun ló ń ju bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ baseball Yale (eré tí wọ́n ti ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù tí ẹnì kan jù), àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó fún eléré sì ń pè é kó wá jẹun, ó kọ̀. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ to orúkọ àwọn mọ́kànlá tó mọ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà gbá jù lọ ní gbogbo ilé ẹ̀kọ́ gíga, lọ́dún 1889, orúkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. (Bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà tí mò ń wí kì í ṣe ti àfẹsẹ̀gbá o. Ọwọ́ ni wọ́n fi ń gbé e sá, tí àwọn ọ̀tá á máa dìgbò lù wọ́n láti gbé wọn ṣubú.) Lẹ́yìn náà ló lọ sí ilé ẹ̀kọ́ YMCA, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ Kristẹni, ní Springfield, ìpínlẹ̀ Massachusetts, níbi tí James Naismith ti ṣẹ̀dá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù ní oṣù Kejìlá ọdún 1891. Nígbà tí wọ́n ṣí eré tuntun yìí fún awòran nígbà àkọ́kọ́, ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ọdún 1892, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ na àwọn olùkọ́ ní 5 sí 1. Stagg ló ju ẹyọ kan ṣoṣo tí àwọn olùkọ́ rí jù wọlé.

Ó dáa, ẹ jẹ́ ká padà sórí lẹ́tà. Ẹni tó kọ ọ́ ni William Rainey Harper, ọ̀jọ̀gbọ́n èdè Hébérù tó ti kọ́ Stagg ní ẹ̀kọ́ Bíbélì ní Yale. John D. Rockefeller, ọba epo rọ̀bì, ló fẹ́ fi owó rẹ̀ dá yunifásítì tuntun sílẹ̀ ní Chicago, Harper ni wọ́n sì fi ṣe ọ̀gá rẹ̀. Kò tíì sí ilé, kò tíì sí akẹ́kọ̀ọ́ kan ṣoṣo, Harper ti ń wá akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ìdí rẹ̀ kò fara sin. Yunifásítì tuntun kò ní ìtàn, kò ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́jáde tó lówó lọ́wọ́, ta ni yóò gbọ́ orúkọ rẹ̀? Eré ìdárayá ni ìlù tó yá jù láti lù. Harper sọ fún Stagg láìfi bò pé òun fẹ́ ẹgbẹ́ tí òun lè máa rán káàkiri orílẹ̀-èdè kí wọ́n máa na gbogbo ilé ẹ̀kọ́ yòókù, òun á sì fi ọkọ̀ ojú irin olówó iyebíye gbé wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ máa ń ná ọjà ní Kútọ̀ á gbádùn bí wọ́n ṣe ná owó iṣẹ́ yìí. Stagg ló ròyìn rẹ̀ nígbà tó dàgbà. Harper ní òun á fún un ní 1,500 dọ́là lọ́dún. Stagg dákẹ́, ó ń ronú ni. Harper rò pé owó ló kéré lójú rẹ̀, ó ní ó dáa, 2,000, pẹ̀lú ipò olùkọ́. Stagg ṣì ń ronú. Ni Harper bá kúkú já a délẹ̀: 2,500 dọ́là, ipò igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n, iṣẹ́ náà sì di tirẹ̀ títí láé. Stagg kò fèsì lójú ẹsẹ̀ náà. Ó lọ gbàdúrà sí i, nígbà tó sì di oṣù Kọkànlá ọdún 1890 ló kọ̀wé padà pé ibi iṣẹ́ yìí ni òun gbà pé òun ti lè sin Ọ̀gá òun jù.

Owó náà kọ́ ni nǹkan bàbàrà. Ohun tí àwọn ọ̀gá ọ̀jọ̀gbọ́n ń gbà ní Chicago nígbà yẹn ju ìlọ́po méjì rẹ̀ lọ. "Títí láé" yẹn ni. Ṣáájú àkókò yìí, akọ́nimọ̀ọ́gbá nílé ẹ̀kọ́ gíga Amẹ́ríkà kò yàtọ̀ sí ẹni tí à ń gbà fún iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan: àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ló ń dá owó jọ pè é, bó bá pàdánù, ó di ẹni tó ń lọ ilé. Stagg ni àwọn òpìtàn gbà pé ó jẹ́ ẹni àkọ́kọ́ tí yunifásítì ńlá kan fi sí ipò ọ̀jọ̀gbọ́n tí kò ṣeé yọ, tó sì tún fún ní ẹ̀ka tirẹ̀, Ẹ̀ka Ìtọ́jú Ara àti Eré Ìdárayá, ní ipele kan náà pẹ̀lú ẹ̀ka tí wọ́n ti ń kọ́ èdè Gíríìkì. Kóòṣì ni, ọ̀gá eré ìdárayá náà ni. Ẹni méjì tó fọwọ́ sí lẹ́tà ọmọ yín, ẹnì kan ṣoṣo ni wọ́n nínú Stagg.

Mo ti ṣiṣẹ́ rí ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kan nílẹ̀ wa tí akọ́nimọ̀ọ́gbá ibẹ̀ ń fi owó ara rẹ̀ ra fèrè. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, orúkọ rẹ̀ kò sì wọ ìwé àwọn olùkọ́ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Nítorí náà, bí mo ṣe ń ka ohun tí Harper ṣe fún Stagg, inú mi dùn, àyà mi sì já. Ẹ ó rí ohun tó já mi láyà láìpẹ́.

Ọjọ́ 1 oṣù Kẹwàá ọdún 1892 ni Yunifásítì Chicago ṣílẹ̀kùn. Àwọn tó lè gbá bọ́ọ̀lù kéré débi pé Stagg fúnra rẹ̀ wọ aṣọ eré, ọ̀jọ̀gbọ́n ń bá akẹ́kọ̀ọ́ yí nínú eruku, ilé ẹ̀kọ́ girama ni wọ́n sì kọ́kọ́ bá figa gbága. Marshall Field, oníṣòwò ńlá ìlú náà, yọ̀ǹda ilẹ̀ fún pápá. Ọdún 1894, ìyàwó tuntun dé ilé Stagg: Stella Robertson, akẹ́kọ̀ọ́ Chicago. Obìnrin yìí kì í ṣe ìyàwó tó ń jókòó wo ọkọ o. Òun ló ń ya àwòrán bí eré ṣe ń lọ, tó ń ka àmì, tó tilẹ̀ ń lọ ṣe amí àwọn ẹgbẹ́ tí wọ́n máa bá pàdé. Ní òpin ọdún náà, Stagg kó ẹgbẹ́ rẹ̀ wọ ọkọ̀ ojú irin láti Chicago lọ sí etí òkun California, wọ́n sì na Yunifásítì Stanford ní 24 sí 4 lọ́jọ́ Kérésìmesì. Ìlérí Harper ti ń ṣẹ.

Wọ́n ka oríṣiríṣi àṣẹ̀dá sí Stagg lọ́rùn: ìdì tí àwọn eléré ń dìgbò lù láti kọ́ bí a ṣe ń gbéni ṣubú, àwọ̀n tí oníbaseball ń kọ́ṣẹ́ nínú rẹ̀, kíkọ nọ́ńbà sẹ́yìn aṣọ. Èmi kì í jiyàn lórí ẹni tó kọ́kọ́ ṣe èwo, nítorí àwọn mìíràn náà ń bá a du púpọ̀ nínú rẹ̀. Ohun tó dá mi lójú ni pé ó wà nínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣòfin bọ́ọ̀lù náà fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ó sì bá wọn lọ sí Ìdíje Òlíńpíìkì ní Paris lọ́dún 1924 láti kọ́ àwọn tó ń sá 400 àti 800 mítà. Bẹ́ẹ̀ sì ni ẹnu rẹ̀ mọ́. Kì í mu ọtí, kì í fa sìgá, kì í bú ènìyàn ju "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́" lọ. Bí ọ̀rọ̀ ọmọ kan bá sú u gan-an, á ní "kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ ìlọ́po méjì" ni, ẹni tó bá sì gba ti ìlọ́po mẹ́ta, ó ti dé òpin nìyẹn.

Ẹ wá wo ibi tí ọ̀rọ̀ ti le. Owó géètì ń wọlé, owó náà sì ń gba ọwọ́ Stagg. Kì í bá àpò yòókù yunifásítì pọ̀ bíi ti àwọn ẹ̀ka yòókù, ọwọ́ rẹ̀ ló ti ń jáde. Harper ń tì í lẹ́yìn. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n tí wọ́n jọ wà ń kùn, ṣùgbọ́n ta ni yóò yọ ẹni tí a fún níṣẹ́ títí láé? Ọmọ Chicago kan wà, Walter Eckersall, tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbé sá, tí ó sì tún mọ̀ ọ́n fi ẹsẹ̀ gbá sókè dáadáa. Gbogbo ìlú mọ̀ ọ́n. Ní Ọjọ́ Ìdúpẹ́ àwọn Amẹ́ríkà, ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá ọdún 1905, ẹgbẹ́ Yunifásítì Michigan wá sí Chicago. Eré 56 ni Michigan ti gbá láìpàdánù. Eckersall gbá bọ́ọ̀lù kan lọ jìnnà réré, ọmọ Michigan tó gbá a mú sá wọ ẹ̀yìn ìlà ara rẹ̀, wọ́n sì gbé e ṣubú síbẹ̀. Àmì méjì ni ìyẹn. Chicago 2, Michigan òdo. Bí ẹ bá dé ọ̀dọ̀ àwọn arúgbó tó fẹ́ràn eré yìí, wọ́n á ròyìn ìdíje yẹn fún yín bí ẹni pé wọ́n wà níbẹ̀.

Eckersall kúrò ní Chicago láìgba ìwé ẹ̀rí. Iṣẹ́ inú kíláàsì rẹ̀ kò dára rárá, kò sì sí ẹni tó pariwo rẹ̀ títí tí bọ́ọ̀lù rẹ̀ fi parí. Ohun tó já mi láyà nìyí, màmá. Stagg kì í ṣe olè, mi ò rí ẹni tó pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀jọ̀gbọ́n tí iyì ẹ̀ka rẹ̀ wà lẹ́sẹ̀ ọmọ ogún ọdún kan, báwo ni yóò ṣe sọ fún ọmọ náà pé kó lọ jókòó ti ìwé?

Ọdún 1905 yẹn náà ni ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù dé ilé ààrẹ. Ó kéré tán, ènìyàn 18 ni àwọn ìwé ìròyìn kà pé ó kú lórí pápá ní sáà yẹn, Ààrẹ Theodore Roosevelt sì ti ránṣẹ́ pe àwọn ilé ẹ̀kọ́ ńlá kan pé kí wọ́n tún un ṣe. Láti inú ìpàdé tí àwọn ilé ẹ̀kọ́ gíga ṣe ní oṣù Kejìlá ọdún náà ni ẹgbẹ́ tí à ń pè ní NCAA lónìí, tó ń ṣòfin eré ìdárayá fún àwọn yunifásítì, ti jáde. Òun ni ẹ máa rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ọmọ yín. Harper kò rí ẹ̀yìn ọ̀rọ̀ náà. Jẹjẹrẹ pa á ní ọjọ́ 10 oṣù Kìíní ọdún 1906.

Ní àgbègbè ti Chicago, wọn kò dúró de NCAA. Àwọn yunifásítì méje ti pawọ́ pọ̀ láti ọdún 1896, àwọn olùkọ́ sì ni aṣojú wọn níbẹ̀. Ẹgbẹ́ yẹn ni gbogbo ayé ń pè ní Big Ten lónìí. Lọ́dún 1906, ọ̀gá Yunifásítì Michigan, James Angell, pè wọ́n jọ sí Chicago, wọ́n sì ṣòfin líle: ọdún mẹ́ta péré ni akẹ́kọ̀ọ́ fi lè gbá bọ́ọ̀lù, ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé kò gbọdọ̀ gbá a, ìdíje márùn-ún péré ni wọ́n sì lè gbá lọ́dún. Òfin kan wà níbẹ̀ tí ó kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ jẹ́ kóòṣì àfi ẹni tí yunifásítì gbà sí iṣẹ́ olùkọ́ lọ́nà tó tọ́, kò sì gbọdọ̀ gba owó ju olùkọ́ tí wọ́n jọ wà ní ipò kan náà lọ.

Ẹ tún un kà. Ohun tí Harper fi ṣe ojú rere fún ẹnì kan ní 1890 ti di òfin fún gbogbo wọn. Wọ́n rò pé bí wọ́n bá gbé kóòṣì wọ inú ilé, àwọn á lè máa ṣọ́ ọ. Apá kan òfin náà dúró: kóòṣì di òṣìṣẹ́ yunifásítì títí dòní, ọ̀gá eré ìdárayá náà sì di ipò tó dúró wámúwámú. Apá kejì, ìyẹn ti owó, afẹ́fẹ́ ti gbé e lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ Amẹ́ríkà lónìí, òṣìṣẹ́ ìjọba tí owó rẹ̀ pọ̀ jù kì í ṣe gómìnà, kì í sì í ṣe dókítà. Kóòṣì yunifásítì ni.

Bí Stagg ṣe parí ní Chicago tún jẹ́ ẹ̀kọ́ fún ara rẹ̀. Ó gba ife ẹ̀yẹ Big Ten nígbà méje, èyí tó gbẹ̀yìn lọ́dún 1924. Lẹ́yìn náà, ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rọ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba tó tóbi jù wọ́n lọ sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Lọ́dún 1929, Robert Maynard Hutchins, ọmọ ọgbọ̀n ọdún, di ọ̀gá yunifásítì. Ìwé ni Hutchins mọ̀. Nígbà tí Stagg pé ẹni àádọ́rin ọdún ní 1932, Hutchins di òfin ìfẹ̀yìntì mú, ó sì fi iṣẹ́ mìíràn lọ̀ ọ́, iṣẹ́ orí àga tí kì í fọn fèrè. Stagg kọ̀. Ó ní iṣẹ́ kóòṣì ni òun mọ̀, kò sì tíì rẹ òun. "Títí láé" Harper pẹ́ ní ogójì ọdún ó lé díẹ̀.

Ó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Stockton, ìpínlẹ̀ California, College of the Pacific. Níbẹ̀ ló ti ṣe sáà mẹ́rìnlá. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1938, ó kó àwọn ọmọ Pacific wá sí Chicago, sí pápá tí wọ́n ti fi orúkọ òun fúnra rẹ̀ sọ. Wọ́n na Chicago ní 32 sí òdo. Ẹni ọdún 76 ni lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ní oògùn tí a fi ń padà sẹ́yìn, ọjọ́ yẹn ni mo máa lọ wò, kí n lè rí ojú rẹ̀ nígbà tí fèrè ìparí dún. Ọdún tó tẹ̀ lé e, Michigan gbẹ̀san 1905, wọ́n fi 85 sí òdo na Chicago. Kí oṣù Kejìlá tó tán, Hutchins pa bọ́ọ̀lù náà rẹ́ pátápátá ní yunifásítì. Pápá Stagg wá dá páropáro. Abẹ́ ìjókòó àwọn awòran ní ìwọ̀-oòrùn pápá yẹn, nínú yàrá tí wọ́n ti ń gbá squash, ni Enrico Fermi àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti tan iná àtọ́míìkì àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè ṣàkóso, ní ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá ọdún 1942. Ilé ìkàwé ló wà níbẹ̀ báyìí.

Stagg ní tirẹ̀ kò jókòó. Lọ́dún 1943, nígbà tó pé ẹni ọdún 81, àwọn kóòṣì ẹgbẹ́ rẹ̀ dìbò yàn án ní kóòṣì ọdún náà. Láti 1947 sí 1952 ó lọ ran ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́ ní Yunifásítì Susquehanna ní Pennsylvania. Àìsàn Stella ló mú un padà sí Stockton, ó sì tún ń kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ kan níbẹ̀ bí a ṣe ń gbá bọ́ọ̀lù sókè, títí tó fi lé ní ẹni ọdún 95. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹta ọdún 1965 ló dákẹ́, ní ẹni ọdún 102. Ìdíje tó borí ju 300 lọ, kò sì sí kóòṣì yunifásítì tó tún kọjá iye náà lójú àwọn tó ń ka á títí di ọdún 1981.

Mo mọ̀ pé ẹ ó bi mí pé ọmọ obìnrin dà nínú gbogbo èyí. Ìbéèrè gidi ni. Chicago ní ẹ̀ka ìdárayá fún àwọn obìnrin láti ayé Stagg, obìnrin kan tó ń jẹ́ Gertrude Dudley ló ń darí rẹ̀ láti 1898, ó sì jẹ́ akíkanjú. Ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ ojú irin Harper fún àwọn tirẹ̀. Inú ọgbà ni wọ́n ti ń bá ara wọn díje. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde ní 1972, èyí tí wọ́n ń pè ní Title IX, ló fi ipá mú àwọn yunifásítì láti fún obìnrin ní ìpín nínú owó eré ìdárayá. Láìsí òfin yẹn, kò sí bí kóòṣì kan ṣe máa kọ lẹ́tà sí ọmọ yín.

Ní ti lẹ́tà náà gan-an: ẹ má fèsì sí àdírẹ́sì tó wà nínú rẹ̀ ná. Ẹ lọ sórí ìkànnì yunifásítì náà fúnra yín, ẹ wá orúkọ kóòṣì náà láàárín àwọn òṣìṣẹ́ wọn, kí ẹ sì kọ̀wé sí àdírẹ́sì tí ẹ bá rí níbẹ̀. Kóòṣì tòótọ́ kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ tó ń wá. Kò tilẹ̀ ní agbára láti gba ọmọ wọlé fúnra rẹ̀. Ó lè fọhùn sí i, àmọ́ ọ́fíìsì tó ń gba akẹ́kọ̀ọ́ wọlé ló ń pinnu, yunifásítì ló ń fi ìwé I-20 ránṣẹ́ tí ẹ máa mú lọ gba físà F-1, ìyẹn físà akẹ́kọ̀ọ́, NCAA náà á sì yẹ èsì WAEC rẹ̀ wò kó tó lè sáré fún wọn.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti mọ̀ pé òótọ́ ni, ẹ béèrè iye tí "ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́" náà jẹ́ gan-an. Eré orí pápá wà lára àwọn tí kóòṣì máa ń gé owó wọn sí wẹ́wẹ́, kí ó lè kárí ọmọ púpọ̀. Ó lè jẹ́ ìdajì, ó lè jẹ́ ìdá mẹ́rin, kí ilé gbígbé, oúnjẹ àti ìwòsàn má sì sí nínú rẹ̀. Ẹ béèrè bóyá ọdún kan ni tàbí mẹ́rin, àti ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí ẹsẹ̀ bá dun ọmọ, tàbí bí kóòṣì náà bá gba iṣẹ́ síbòmíràn, torí wọ́n máa ń lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Kí ọmọ náà béèrè, lẹ́nu ara rẹ̀, iye àwọn tí kóòṣì yìí ti kọ́ tí wọ́n gba ìwé ẹ̀rí jáde. Bí kóòṣì bá ń lọ́ra láti dáhùn èyí, ẹ rántí Eckersall.

Ohun kan ló kù. Kì í ṣe gbogbo yunifásítì Amẹ́ríkà ló ń fi owó sílẹ̀ nítorí eré sísá. Àwọn mẹ́jọ tí wọ́n ń pè ní Ivy League, tí Yale wà lára wọn, kì í ṣe é. Àwọn tó wà ní ìpele kẹta NCAA náà kì í ṣe é, ìpele yẹn sì ni Yunifásítì Chicago wà báyìí, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí wọ́n ti dá padà ní 1969. Nítorí náà, bó bá jẹ́ ilé Stagg gan-an ni lẹ́tà náà ní òun ti wá, tó sì ń ṣèlérí owó nítorí eré onídènà, ẹ pe bàbá wọn kí ẹ sọ fún wọn pé àwọn ló jàre.